Àáró Délégué Léonce

Bí ẹ bá ń gba Pobẹ̀ kọjá, ẹ ó rí ilé alájà kan tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run kùn, tí àsíá mẹ́ta ń fẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni pé ìjọba mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀. Ìjọba kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, orúkọ ìjọba náà sì ni Léonce Ṣóbándé.

Ẹ má pè é ní Léonce o. Aṣojú ìjọba ni, ohun tí wọ́n sì kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ ni: Délégué Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ọ̀la, Ìdàgbàsókè Tí Ń Bọ̀ Lọ́nà, àti Gbogbo Ohun Tí Ó Bá Tún Tẹ̀lé E. Ilẹ̀kùn kò gba gbogbo rẹ̀ tán, nítorí náà ara ògiri ni wọ́n kọ Gbogbo Ohun Tí Ó Bá Tún Tẹ̀lé E sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á sókè. Ẹni tí kò bá mọ̀wé yóò dúró kí Anicet akọ̀wé kà á fún un, lẹ́yìn náà yóò ṣe àmín.

Anicet yìí, iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n gbà á fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyìn ló ń ṣe. Bí Délégué bá sín, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Délégué ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wọlé, á tẹrí ba, á ní, "Òòrùn ti yọ, Mìsiyé Délégué, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fọwọ́ sí i lánàá." Délégué á mi orí bí ẹni tó ń rántí pé lóòótọ́ ni òun fọwọ́ sí nǹkan kan.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Pobẹ̀ kì í tètè pàtẹ́wọ́. Ìdí nìyí tí séminèè ọlọ́jọ́ méjì tó lọ ṣe ní Kútọnu fi bà á jẹ́ pátápátá. Ọkùnrin kan tí kóòtù fún mọ́ lára dìde níbẹ̀, ó ní láàárín ọdún mẹ́wàá, inú ẹ̀rọ ni gbogbo ayé yóò máa gbé. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà mọ́, ewúrẹ́ nìkan ni ọ̀nà yóò wà fún. Ó wá gbé awò kan wọ Délégué lójú. Awò yìí kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ó tóbi tó páálí bàtà, okùn ló fi ń so mọ́ orí, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ kò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi ohun tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kó rí. Ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ kí Délégué rí lọ́jọ́ náà ni gbàgede ńlá kan, òun fúnra rẹ̀ lórí pèpéle, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n dìde dúró tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un láìdẹwọ́. Ọkùnrin náà sunkún nínú awò. Látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Irú oníkóòtù yẹn kì í tán láyé, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni ọ̀kan ń ti ibì kan dé láti sọ fún wa pé ayé ń kó lọ síbòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí á tètè di ẹrù. Ẹ di ẹrù, ẹ débẹ̀, ẹ ò ní bá òun alára níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ará Ahoyéyé ń wo ojú ọ̀run. Odò kan wà lẹ́yìn ìlú wọn tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgùntàn ń fò ó. Bí òjò bá dé, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ á di àtè, omi á kún dé àyà àgbàlagbà, oko tó bá wà lódì kejì á sì di ti ọ̀yà. Òdì kejì yìí ni ẹ̀gẹ́ Ọdẹ́wálé àti Berthe ìyàwó rẹ̀ wà. Ọdẹ́wálé ló ń ro ó, Berthe ló ń fi í yan gàrí tó ń lọ tà ní Sakẹ́tẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dúró létí omi, wọ́n ń fi ojú wo ibi tí ẹ̀gẹ́ wọn ti ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ọdẹ́wálé ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí tọdún yìí bá tún bàjẹ́, òun á sọdá ààlà lọ ṣe alágbàṣe, Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ọjọ́ tí òun á padà. Berthe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ tó kù kí òjò dé.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já pákó, irin àti àpò símáà sílẹ̀ ní Pobẹ̀ fún afárá Ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n jó ní Ahoyéyé. Ijó yẹn ti yá jù. Délégué ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé ni, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ó wo pákó náà, ó rí i pé ó dára púpọ̀ ju kí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Sakẹ́tẹ́, wọ́n sì fi kọ́ Gbọ̀ngàn Ọjọ́ Ọ̀la sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, pẹ̀lú pèpéle gíga kan níwájú àti àpótí méjìlá tí awò méjìlá wà nínú wọn. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ti Délégué yìí, làpálàpá tí kò tíì yọ sí ẹnikẹ́ni lára ló ń pa.

Ọdẹ́wálé àti Berthe gbéra, wọ́n wá sí Pobẹ̀. Ọdẹ́wálé ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Mìsiyé Délégué. Pákó afárá wa la wá bèèrè."

Délégué rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe èyí tó ń bọ́ lẹ́nu èèyàn lójijì, iwájú dígí ló ti kọ́ ọ. "Afárá! Anicet, ṣé o gbọ́? Afárá ni wọ́n ń bèèrè."

"Ó mà ṣe o," ni Anicet wí.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé, afárá yín ti parí láti àná. Ó gba ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ogójì iná ló wà lórí rẹ̀. A tún gbé àga sí àárín rẹ̀ fún ẹni tó bá rẹ̀."

Ọdẹ́wálé àti Berthe wo ara wọn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi ẹsẹ̀ la odò Ẹlẹ́rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀, Anicet ti gbé awò so mọ́ Ọdẹ́wálé lórí. Ọkùnrin náà na ẹsẹ̀ kan síwájú jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ wò.

"Berthe, afárá wà níbẹ̀ lóòótọ́ o. Ó ń dán."

"Oko wa ńkọ́, Bàbá Ornella?" Ornella ni àkọ́bí wọn. "Ṣé ẹ rí i lódì kejì?"

Ọdẹ́wálé wò ó títí. "Òdì kejì ò sí. Ibi tí afárá parí sí, òfuurufú ló wà níbẹ̀."

"A ò tíì gba òdì kejì," ni Anicet wí kíákíá. "Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́."

Délégué dìde, nítorí ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ ńlá kì í sì í jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìjókòó. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹsẹ̀ ni ẹ ṣì fi ń ronú! Lọ́jọ́ ọ̀la, ẹnikẹ́ni kò ní sọdá odò mọ́. Odò ni yóò máa sọdá ènìyàn!"

Anicet pàtẹ́wọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Délégué pàápàá kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ.

"Mìsiyé Délégué," ni Berthe wí, "nínú ìlú inú awò yìí, ta ló ń bó ẹ̀gẹ́?"

"Kò sí pé à ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀."

"Ta ló ń yan gàrí?"

"Gàrí á ti yan ara rẹ̀ tán kí ẹ tó dé."

"Ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

Délégué wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rántí pé òun ní ìpàdé. Wọ́n sin tọkọtaya náà dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé títì, Berthe jókòó sórí òkúta kan, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Inú ló ń bí i, kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan.

Ìwé dé láti Kútọnu lọ́sẹ̀ yẹn. Màdáàmù Prudence, ọ̀gá kan tí wọ́n ń rán kiri láti yẹ iṣẹ́ wò, ń bọ̀ wá wo Ọjà Sakẹ́tẹ́ Inú Awò, èyí tí Délégué ti ròyìn pé òun kọ́ sínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá gbádùn rẹ̀, wọn yóò gbé Délégué lọ sí Kútọnu, yóò ní awakọ̀, yóò sì ní yàrá tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Orí Délégué wú. Ó wọ awò láti yẹ ọjà náà wò, orí tó wú sì sọ̀.

Ọjà náà dára, kò ní àbùkù kankan, àfi pé kò séèyàn Sakẹ́tẹ́ kan nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn tó bá ẹ̀rọ wá láti òkè òkun ló jókòó sídìí àtẹ, irun wọn pọ́n bí àgbàdo tó gbó, búrẹ́dì gígùn sì ni gbogbo wọn ń tà. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní bí a bá fẹ́ èèyàn mìíràn nínú ọjà, kí àwọn èèyàn gidi wọ awò, kí wọ́n rìn, kí wọ́n nájà fún wákàtí kan, ẹ̀rọ á sì ya àwòrán wọn pa mọ́. Délégué ka iye tí yóò tó kí ọjà lè dà bí ọjà. Ọgọ́ta èèyàn ni.

Ó pe ìpàdé. Kò sẹ́ni tó wá, nítorí ìpàdé rẹ̀ tó kọjá gba wákàtí mẹ́fà, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ ní márùn-ún nínú rẹ̀.

"Mìsiyé Délégué," ni Anicet wí, "àwọn ará oko kì í jẹ́ ìpè réunion. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ìlú Pọ̀tònóvò ni wọ́n bí Délégué sí, ọmọ akọ̀wé ni, kò di ọkọ́ mú rí láyé rẹ̀. "Kí ni ọ̀wẹ̀ ń fẹ́?"

"Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló máa bọ́ gbogbo wọn yó."

Délégué ro ọgọ́ta ikùn ní ọkàn rẹ̀. "Ṣé kò sí òmíràn?"

"Àáró wà. Àáró ò di dandan pé kí ẹ bọ́ èèyàn. Wọ́n á wá ṣe tiyín lónìí, ẹ̀yin náà á lọ ṣe tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú."

"Ṣé wọn ò lè kọ̀?"

"N ò tíì rí ẹni tó kọ àáró ní Ahoyéyé."

"Ó parí! Àáró ni. Tiwọn, inú awò ni n ó ti ṣe é fún wọn."

Anicet la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó rántí pé nítorí kí ẹnu náà lè máa wà ní pípadé ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́, ó sì pa á dé.

Ìpè náà dé Ahoyéyé nírọ̀lẹ́. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ẹni tó fi pákó wa kọ́ ilé ló tún ń fẹ́ ọwọ́ wa. Berthe wà nínú wọn, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ odidi kan ni wọn yóò fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́wálé rọra ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé àáró ló pè é? Ó dá yín lójú?"

"Àáró ló wà nínú ìwé. Anicet kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni Ọdẹ́wálé wí. "Ẹni tó bá pe àáró ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dógò."

Berthe wo ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé sí i lára. Nígbà tó wọlé tán, òun gan-an ló kọ́kọ́ dìde lọ wá ọkọ̀ tí yóò kó wọn dé Sakẹ́tẹ́.

Èmi ò lè sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Méjìlá méjìlá ni wọ́n ń wọlé. Ọdẹ kan dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn onírun pípọ́n tó ń ta búrẹ́dì, ó sì kọ̀ láti dìde títí tí onítọ̀hún yóò fi dáhùn. Ó kù díẹ̀ kó sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti ọdún kẹta pàdé nínú awò, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, èyí ọ̀tún lápá ọ̀tún, èyí òsì lápá òsì, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn gbádùn rẹ̀ gan-an ni.

Ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Mọ́rìnọ́lá. Ó ti ń ta gàrí ní Sakẹ́tẹ́ kí wọ́n tó bí Délégué. Kì í ṣe ará Ahoyéyé, ariwo ló gbọ́ tó fi yà wọlé, ó ní kí wọ́n fi awò yẹn wọ òun náà. Ó rìn lọ sídìí àtẹ gàrí kan tí Délégué ti ní kí wọ́n fi kún ọjà náà. Ó bu díẹ̀, ó jù ú sẹ́nu gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó mọ gàrí ṣe ń ṣe, ó sì jẹ atẹ́gùn lẹ́nu.

"Kò kan," ni Mọ́rìnọ́lá wí. "Kò sì ta eyín." Ó tún bu òmíràn, ó tún jẹ, ó tún ń kùn. "Èènì rẹ̀ dà?"

"Ìyá àgbà," ni Délégué wí, "ohun gbogbo ló pọ̀ yanturu nínú awò. Èènì ò nílò níbẹ̀."

"Ẹ ò ní í ní oníbàárà nígbà náà," ni ìyá wí, ó sì bọ́ awò náà.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Délégué gun pèpéle láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdẹ́wálé ló fi ọ̀wọ̀ dá a dúró. "Kò sí ọpẹ́ nínú àáró, Mìsiyé Délégué. Ọjọ́ tiwa la máa mú."

"Ẹ mú èyí tó bá wù yín!" ni Délégué wí, ó na apá méjèèjì bí ọba tó ń pín ilẹ̀. Ọgọ́ta èèyàn ló gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Màdáàmù Prudence pé. Obìnrin kúkurú ni, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀, èyí sì kọ Délégué lóminú díẹ̀. Kò gbàgbọ́ pé ẹni tó bá tóbi máa ń gbé nǹkan. Síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pe Màdáàmù ní ìràwọ̀ òwúrọ̀, ó pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ kékeré ti ọjọ́ ọ̀la, ó ní àwọn ọmọ ọmọ wa yóò bi wá léèrè ohun tí a ń pè ní ẹsẹ̀. Anicet pàtẹ́wọ́ níbi mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti fàmì sí fún un.

Wọ́n wá fi awò wọ Màdáàmù. Ó rìn yí pèpéle ká. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá àgbà kan wà níbí. Ó bu gàrí, ó jẹ ẹ́, ó ń kùn. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà."

"Ó gbádùn rẹ̀ ni, Màdáàmù!"

"Kò jọ bẹ́ẹ̀." Ó bọ́ awò. "Báwo ni ẹ ṣe rí gbogbo èèyàn yìí kó jọ? Wọ́n sọ fún mi pé wọn kì í wá sí ìpàdé yín."

Ibí yìí ló yẹ kí Délégué dákẹ́. Àṣejù baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í rántí òwe. "Àáró ni, Màdáàmù! Mo mú àṣà àwọn baba wa wọ inú ẹ̀rọ!"

Ojú obìnrin náà yí padà. "Sakẹ́tẹ́ níbí ni ìyá mi ti yan gàrí tọ́ mi. Àáró ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí. Ẹ ti ṣe tiwọn fún wọn?"

Kó tó dáhùn, ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà. "Òní la mú, Màdáàmù." Ọdẹ́wálé ló dúró níbẹ̀, Berthe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo Ahoyéyé lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti òṣùká lọ́wọ́. "Igi ọ̀pẹ la fẹ́ gé dábùú odò Ẹlẹ́rẹ̀, kí òjò tó dé. Mìsiyé Délégué jẹ wá ní ọwọ́ kan."

Gbogbo ojú yí sí Délégué. Òógùn bò ó. Ó wo ọkọ́, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó sì rí ọ̀nà àbáyọ. "Lójú ẹsẹ̀!" ni ó kígbe. "Kí ni mo tún ń dúró dè?" Ó gbé awò wọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Orí pèpéle ló dúró sí, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé igi tí kò sí, ó ń gbé e lé èjìká tó wà, ó ń mí gúlegúle. Nínú awò, afárá ń gùn sí i, iná ń tàn lórí rẹ̀, àwọn èèyàn onírun pípọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ létí odò. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ló ń yára sí i. Ó tó wákàtí kan kó tó parí. Ó tẹ orí ba fún wọn lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ ba fún wọn lápá òsì, ó sì bọ́ awò kí ó lè gbọ́ àtẹ́wọ́ ti Màdáàmù.

Gbọ̀ngàn ti ṣófo. Ìyá àgbà Mọ́rìnọ́lá nìkan ló jókòó sórí àga kan lẹ́yìn, ó ń pa ẹ̀pà jẹ.

"Àwọn èèyàn dà?"

"Wọ́n ti lọ sódò. Ó ti pẹ́."

"Màdáàmù ńkọ́?"

"Òun ló ṣáájú wọn."

"Anicet?"

"Òun ló bá a gbé báàgì."

"Ọkọ̀ mi wà níta?"

"Rárá o. Wọ́n kún inú rẹ̀ fọ́fọ́." Ìyá da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àáró yín ṣì wà ní ilẹ̀. Ó wù mí kí n pàtẹ́wọ́ fún yín, ọmọ mi, ẹ̀pà ló wà lọ́wọ́ mi."

Zẹ́mì, alùpùpù akérò, ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n kọjá Ahoyéyé tí ilẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀, oní-zẹ́mì ní alùpùpù òun ò ní wọ ẹrẹ̀ yẹn, ó já a sílẹ̀, ó yí padà. Délégué fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dúró sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ dòní.

Màdáàmù Prudence dúró létí omi, ó ti ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Délégué mọ ìwé náà, òun ló fọwọ́ sí i. Màdáàmù kà á sókè: "Afárá Ẹlẹ́rẹ̀ ti parí pátápátá, àwọn ará ìlú sì ń yọ̀ lórí rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ẹ fi àwọn tó ń yọ̀ lórí rẹ̀ hàn mí."

Gbogbo wọn wo odò. Àkèré kan bẹ́ sómi.

"Màdáàmù, bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà láti ojú ọjọ́ ọ̀la..."

"Òní ni mo bèèrè." Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kì í ṣe délégué mọ́. Ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ yín lé akọ̀wé lọ́wọ́. Lọ́la ni wọn yóò tú gbọ̀ngàn yẹn, kí pákó náà wá síbi tí wọ́n rán an. Èyí tí mo lè ṣe nìyẹn. Ní ti àáró, kì í ṣe ti ìjọba. N ò lè dárí rẹ̀ jì yín."

Anicet ti súnmọ́ Màdáàmù pẹ́kípẹ́kí. Ó tẹrí ba. "Òòrùn ń wọ̀, Màdáàmù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fọwọ́ sí i." Màdáàmù wò ó bí a ṣe ń wo eṣinṣin inú ọbẹ̀, ó sì gba báàgì rẹ̀ padà.

Léonce, a lè pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, kò lọ sódò lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ò lè rẹ ara òun sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kàn ṣe fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó jẹ àáró tó sì kọ̀ ọ́. Ó kí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, obìnrin náà ń to búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Ó na ọwọ́ sí zẹ́mì, zẹ́mì kọjá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lórí àga rẹ̀ rọra dìde lọ sórí àga mìíràn, wọ́n sì ń kọrin nìṣó. Ó rìn láti ìdí àgbàdo dé ìdí gàrí nínú ọjà Sakẹ́tẹ́, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nájà, kò sẹ́ni tó rí i. Ọjà náà wá rí fún un gẹ́lẹ́ bí èyí tó kọ́ sínú awò. Ọjọ́ méjì péré ló lè fara dà á. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbí yìí, kò sí ẹni tó lè fara dà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó dé etí odò pẹ̀lú ṣòkòtò àtijọ́ kan. Ọdẹ́wálé fi ọkọ́ kan hàn án, Léonce sì di orí irin rẹ̀ mú. Wọ́n rọra yí i padà fún un.

Wọ́n ṣe é fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ròrò bẹ́, ó tún lé. Lọ́jọ́ kìíní, pákó kan ṣoṣo ló rù, ó sì já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rù tó mẹ́fà. Kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan, nítorí ẹni tí pákó wà lórí rẹ̀ kì í ní èémí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Afárá náà kò gùn, ìṣísẹ̀ méjìlá ni, kò ní iná, kò ní àga. Ó ní òdì kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án ni ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti apá Ohori. Wọ́n sáré kan ìṣó tó gbẹ̀yìn. Òjò ti rọ̀ lókè odò, Léonce sì wà nínú omi dé ìbàdí, ó fi èjìká ti òpó kan kí àwọn tó wà lókè lè kàn án. Berthe ti sọdá lọ sóko, ó sì ń padà bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ lórí. Igi dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mì. Ó ti rìn dé àárín kó tó rí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Berthe wí.

Léonce wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Èmi ni?"

"Ta ló tún wà nínú omi?"

Wọ́n ti kí ọkùnrin yìí ní oríṣiríṣi láyé rẹ̀. Wọ́n ti kí i kú oríire, kú oyè, kú ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ yẹn rí, nítorí kò sẹ́ni tó bá a lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ó la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ ńlá kan tì, omi sì ń kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Óò," ni ó wí. "A dúpẹ́, Ìyá Ornella."

Berthe tún ẹrù rẹ̀ gbé dáadáa, ó sì ń lọ sílé.